Bàálù wa ti fẹ́ balẹ̀ l'Ékòó, ló bá tún gbéra: ṣé adarí sùn lọ ni?

Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin kan tó ń gbé ní Peckham, ní London, ló kọ̀wé sí mi. Òun àti ìyá rẹ̀ jọ wọ bàálù wálé, ilẹ̀ sì ti ṣú kí wọ́n tó dé Èkó. Wọ́n ti ń rí iná ilé nísàlẹ̀, ẹsẹ̀ bàálù ti jáde, àwọn kan ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, àfi bí ẹ́ńjìnnì ṣe bú lójijì tí imú bàálù sì kọjú sókè. Ó pẹ́ díẹ̀ kí awakọ̀ tó bá wọn sọ̀rọ̀. Ohun tó sì sọ kò ju pé bàálù mìíràn ṣì wà lórí rọ́nwè, ìyẹn ọ̀nà tí bàálù ń balẹ̀ sí tó sì ń gbéra lórí rẹ̀, pé àwọn máa yí ká wá balẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Wọ́n balẹ̀ láyọ̀, ṣùgbọ́n ìyá ní òun ò tún wọ bàálù mọ́ láyé òun. Ìbéèrè ẹ̀gbọ́n nìyí: ta ló ṣe àṣìṣe? Ṣé ẹni tó ń darí bàálù láti ilẹ̀ sùn lọ ni? Kí ló dé tí awakọ̀ fi dákẹ́ nígbà tí àyà gbogbo wa ń já?

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ewu. Ẹ bá mi kí màmá dáadáa. Ẹ̀rù tó bà wọ́n kì í ṣe ẹ̀rù ojo rárá. Tí èèyàn bá ti fọkàn sí i pé ilẹ̀ ló kàn, tí ẹ́ńjìnnì wá bú, tí ìjókòó sì ń tì í lẹ́yìn, kò sí ẹni tí ara rẹ̀ ò ní gbọ̀n.

Iṣẹ́ adarí bàálù ni mò ń ṣe, ìyẹn ẹni tó ń fi rédíò sọ fún awakọ̀ ìgbà tó lè balẹ̀ tàbí gbéra. Inú táwà, ilé gíga tí à ń gbé ṣọ́ pápákọ̀, ni mo sì ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ọdún iṣẹ́ mi. Èsì mi sí ìbéèrè yín kò fẹ́ àlàyé gígùn: ẹnikẹ́ni ò sùn. Bàálù yín tún gbéra torí pé ẹni kan lajú sílẹ̀, awakọ̀ sì ṣe ohun tó yẹ lásìkò tó yẹ. Awakọ̀ tí ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí ni èyí tí kò ní gbéra padà nígbà tó yẹ kó gbéra. Ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ ló máa gba àlàyé, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe rí láti òkè táwà. Bàálù ńlá tó ń bọ̀ wá balẹ̀ ń sá tó nǹkan bí 260 kìlómítà láàárín wákàtí kan. Ìyẹn lé ní mítà 70 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bàálù mìíràn ti balẹ̀ níwájú yín. Ó gbọ́dọ̀ tẹ bíréèkì, kó rí ẹnu ọ̀nà tó máa yà sí, kí ìrù rẹ̀ sì kọjá ìlà tí wọ́n fà sílẹ̀, kí adarí tó lè sọ pé rọ́nwè ti ṣófo. Rọ́nwè ńlá ti Èkó gùn tó mítà 3,900, nítorí náà bí bàálù náà bá sá kọjá ẹnu ọ̀nà tó yẹ kó yà sí, bóyá torí pé ilẹ̀ tutù, bóyá torí pé awakọ̀ rẹ̀ kò mọ Èkó dáadáa, ó máa rìn díẹ̀ sí i kó tó rí òmíràn. Ká ní ó fi ìṣẹ́jú àáyá 20 péré kún un. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá 20 yẹn, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn ti fi bíi kìlómítà kan àtààbọ̀ súnmọ́ ọn.

Òfin tí à ń tẹ̀ lé ni pé bàálù tó ń bọ̀ kì í kọjá ẹnu rọ́nwè bí ti iwájú ò bá tíì kúrò níbẹ̀. Lálẹ́, iná méjì ni ojú mi máa ń wà lára wọn: iná ẹ̀yìn èyí tó ń sá lọ nílẹ̀, àti iná iwájú èyí tó ń bọ̀ látòkè. Bí mo bá ti rí i pé àyè àárín wọn ò ní tó, mi ò ní dúró wò ó bóyá ó lè bọ́ sí i. Màá pe orúkọ ìpè bàálù náà, màá ní "go around", ìyẹn ni pé kó gbéra padà. Awakọ̀ á dáhùn pé "going around", á sì máa gòkè lọ. Kò ní bi mí pé kí ló dé, èmi náà ò ní ṣàlàyé nígbà yẹn. Kò sí ẹni tó máa fi bú ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn náà ni a óò fún un ní gíga tó máa gùn dé àti ibi tó máa yà sí, a óò sì tún tò ó sẹ́yìn àwọn tó kù.

Ti awakọ̀ tó dákẹ́, ẹ má bínú sí i. Ní ìṣẹ́jú kìíní àti ìkejì yẹn, ó ń fún ẹ́ńjìnnì lágbára, ó ń gbé imú bàálù sókè, ó ń ká àwọn ìyẹ́ kéékèèké ẹ̀yìn apá wọlé ní ìpele ìpele, ó ń gbé ẹsẹ̀ bàálù wọlé, ó ń ṣọ́ gíga tí wọ́n ní kó má kọjá, ó sì ń dá táwà lóhùn. Bí wọ́n ṣe kọ́ wọn ni pé kí wọ́n kọ́kọ́ wa bàálù, kí wọ́n mọ ibi tó ń lọ, kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Èrò ọkọ̀ ló kẹ́yìn lára àwọn tí wọ́n máa bá sọ̀rọ̀. Mo mọ̀ pé ìdákẹ́jẹ́ yẹn máa ń dà bí ọdún kan létí ẹni tó jókòó sẹ́yìn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ gidi ló ń lọ lọ́wọ́ níwájú.

Ẹ wá gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ rọ́nwè fúnra rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ìdáhùn sí "ta ló ṣe àṣìṣe" wà. Rọ́nwè dà bí afárá onígi kan tó gba ẹsẹ̀ ẹnì kan ṣoṣo: ẹni tó bá ti wà lórí rẹ̀ ló ni ín títí tó fi máa sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tó ń pín in ni adarí tó jókòó sí àyè táwà, ẹnu ló sì fi ń pín in. Ní ọ̀pọ̀ táwà, pátákó kan wà níwájú adarí tí a ń to bébà tẹ́ẹ́rẹ́ sí, bàálù kọ̀ọ̀kan ní bébà tirẹ̀ nínú ike. Orúkọ ìpè, irú bàálù tó jẹ́, ibi tó ti ń bọ̀ tàbí tó ń lọ, gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀ ní lẹ́tà wínníwínní. Bí mọ́tò àwọn tó ń yẹ rọ́nwè wò bá wọlé, a óò mú ike pupa kan dábùú àyè rọ́nwè lórí pátákó náà. Ó máa wà níbẹ̀ títí mọ́tò yẹn fi máa pè pé òun ti kúrò. Ìdí ni pé ọwọ́ tó bá fẹ́ kọ àṣẹ bíbalẹ̀ sórí bébà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kan ike pupa. Àwọn tó ti fi kọ̀ǹpútà rọ́pò bébà ń ṣe ohun kan náà lójú kọ̀ǹpútà. A kì í fi ọ̀rọ̀ rọ́nwè sílẹ̀ fún ìrántí nìkan, ì báà jẹ́ ẹni tí orí rẹ̀ pé jù lọ ló jókòó síbẹ̀.

Nílẹ̀, ìlà ìyeyè mẹ́rin ló dábùú ọ̀nà kí bàálù tó wọ rọ́nwè: méjì lọ gbọnrangandan, méjì gé ní kéékèèké. Ẹni tó bá wà níhà tí ìlà ò ti gé gbọ́dọ̀ dúró títí a fi máa ní kó wọlé. Pátákó pupa tí wọ́n fi funfun kọ nọ́ńbà rọ́nwè sí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Tí mo bá ní kí awakọ̀ dúró síbẹ̀, kò tó kó ní òun ti gbọ́. Ó gbọ́dọ̀ tún ọ̀rọ̀ náà sọ fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú nọ́ńbà rọ́nwè, kí n sì fetí sí i bóyá ohun tí mo sọ ló gbọ́.

Síbẹ̀, gbogbo èyí lè pé kí ewu sì tún wọlé. Ẹ wo Haneda, ní Tokyo, ní ọjọ́ kejì oṣù kìíní 2024. Ilẹ̀ ti mì ní agbègbè Noto lọ́jọ́ tó ṣáájú, bàálù kékeré kan ti ẹ̀ṣọ́ etíkun Japan sì fẹ́ gbé ohun ìrànwọ́ lọ bá àwọn tó fara gbá. Èèyàn mẹ́fà ló wà nínú rẹ̀. Adarí ní kó rìn dé ibi ìdúró tí wọ́n ń pè ní C5, ó sì fi kún un pé òun ni "number one", ìyẹn ẹni àkọ́kọ́ lórí ìlà àwọn tó fẹ́ gbéra. Awakọ̀ tún un sọ bó ṣe rí gan-an. Lẹ́yìn náà ló kọjá ìlà, ó wọ rọ́nwè, ó sì dúró síbẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 40. Ohun tó yé e ni pé wọ́n ti fún òun ní rọ́nwè. Airbus A350 ti Japan Airlines tó kó èèyàn 379 ti gba àṣẹ láti balẹ̀ sórí rọ́nwè kan náà. Ó balẹ̀ lé e lórí, iná sì ṣẹ́ yọ.

Èèyàn márùn-ún kú nínú bàálù kékeré yẹn, ọ̀gá awakọ̀ rẹ̀ nìkan ló yè. Gbogbo èèyàn 379 tó wà nínú A350 ló jáde láàyè. Nínú ilẹ̀kùn mẹ́jọ, mẹ́ta péré ló ṣeé lò. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń bá èrò sọ̀rọ̀ ti kú, ohùn ẹnu àti gbohùngbohùn ọwọ́ ni àwọn òṣìṣẹ́ fi ń darí wọn. Àwọn èrò fi ẹrù wọn sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ní kí wọ́n ṣe. Ìṣẹ́jú 18 lẹ́yìn tí bàálù dúró, ẹni tó kẹ́yìn jáde.

Ohun tó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ Haneda ni pé ẹ̀rọ kan wà nínú táwà tó ń ṣọ́ rọ́nwè, ó sì ṣiṣẹ́. Àwọ̀ yí lójú ẹ̀rọ náà láti fi hàn pé bàálù kan wà níbi tí kò yẹ kó wà. Kò dún, ojú adarí kò sì sí níbẹ̀ nígbà yẹn, torí bàálù mìíràn ń bọ̀, òmíràn sì ń lọ. Iná pupa tó máa ń tàn nílẹ̀ láti dá bàálù dúró ní C5 wà lábẹ́ àtúnṣe. Ká má parọ́ mọ́ wọn, ìgbà tí ojú ọjọ́ bá ṣókùnkùn nìkan ni wọ́n ń tan irú iná yẹn níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àwọn awakọ̀ A350 kò rí bàálù kékeré náà láàárín iná rọ́nwè tó pọ̀ nílẹ̀. Lẹ́yìn ìjàm̀bá yẹn, Japan yan ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa wo ẹ̀rọ náà lọ, wọ́n sì ní kí àwọn adarí dáwọ́ "number one" dúró fún ìgbà kan.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ rí i pé wọ́n tún ọ̀rọ̀ sọ dáadáa, ẹ̀rọ rí ewu, àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ò sì sùn. Ìdí nìyí tí "ta ló jẹ̀bi" kì í fi tètè mú wa débì kan. Ìbéèrè tó ń gba ẹ̀mí là ni pé: ìdènà mélòó ló yẹ kó wà láàárín àṣìṣe ẹnì kan àti ikú, èwo nínú wọn ni kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn?

Ìjàm̀bá tó burú jù nínú ìtàn bàálù, orí rọ́nwè ló ti ṣẹlẹ̀, kì í ṣe lójú ọ̀run. Pápákọ̀ Los Rodeos ní Tenerife, erékùṣù kan ti Spain, ni, ọjọ́ 27 oṣù kẹta 1977. Bọ́ǹbù tó dún ní pápákọ̀ Gran Canaria ló mú kí wọ́n darí ọ̀pọ̀ bàálù gba ibẹ̀, pápákọ̀ kékeré tó ní rọ́nwè kan ṣoṣo. Kùrukùru bo ilẹ̀. Boeing 747 ti KLM, ilé iṣẹ́ bàálù Netherlands, ti dúró lópin rọ́nwè, 747 ti Pan Am, ilé iṣẹ́ bàálù Amẹ́ríkà, sì ń rìn bọ̀ lórí rọ́nwè kan náà. Awakọ̀ KLM sọ lórí rédíò pé àwọn wà lẹ́nu gbígbéra. Adarí ní "OK", ó dánu dúró díẹ̀, ó wá ní kí wọ́n dúró de òun. Ní àkókò náà gan-an ni Pan Am ń pariwo pé àwọn ṣì wà lórí rọ́nwè. Ohùn méjèèjì pàdé lórí rédíò, ariwo híhan ló wọ etí àwọn KLM. Ẹnjiníà inú bàálù KLM béèrè pé ṣé Pan American yẹn ti kúrò báyìí? Ọ̀gá rẹ̀, àgbà awakọ̀ tí gbogbo ilé iṣẹ́ ń wárí fún, dá a lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Ẹnjiníà kò bèèrè mọ́. Èèyàn 583 ló kú.

Ìyẹn ló bí ohun méjì tí à ń lò títí dòní. Àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ náà "take-off" kò gbọ́dọ̀ jáde lẹ́nu adarí àfi tó bá ń fúnni ní àṣẹ gbígbéra tàbí tó ń gbà á padà. Ní gbogbo ìgbà yòókù, "departure" la máa ń sọ. Ìkejì ni pé wọ́n ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ inú bàálù láti dá àgbà lẹ́kun, kí àgbà sì gbà. Ẹ̀yin náà mọ bí ìyẹn ṣe le tó nílẹ̀ wa, níbi tí ọmọdé ti lè rí kòtò níwájú bàbá kó máa wá ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ tó máa fi sọ ọ́. Nínú bàálù, àyè ìyẹn ò sí.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ èrò ò mọ̀: awakọ̀ kò nílò àṣẹ mi kó tó gbéra padà. Ní Austin, ìpínlẹ̀ Texas, ní oṣù kejì 2023, kùrukùru tún bo ilẹ̀. Adarí fún bàálù Southwest kan láṣẹ gbígbéra nígbà tí bàálù FedEx kan ti ń bọ̀ wá balẹ̀ sórí rọ́nwè kan náà. Àwọn awakọ̀ FedEx ló fojú ara wọn rí i, wọ́n gbéra padà, wọ́n sì tún pariwo sí Southwest pé kó dúró. Àyè tó wà láàárín àwọn méjèèjì kò tó 200 ẹsẹ̀ bàtà. Kò sí ẹni tó fara pa. Bí àwọn yẹn bá ti ń retí kí adarí kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ni, à bá máa ka orúkọ òkú.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí mo fi ní awakọ̀ tí kò gbéra padà ló ń bà mí lẹ́rù. Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kejìlá 2005, bàálù Sosoliso láti Abuja já ní Port Harcourt. Nínú èèyàn 110 tó wà nínú rẹ̀, 108 ló kú, àwọn ọmọ ilé ìwé tó ń lọ sílé fún ọdún Kérésì sì pọ̀ nínú wọn. Ìwádìí ìjọba sọ pé àwọn awakọ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ lọ kọjá ibi tó yẹ kí wọ́n ti pinnu, láìtíì rí rọ́nwè. Nígbà tí wọ́n fi máa pinnu láti gbéra padà, ó ti pẹ́ jù, wọn ò sì ṣe é bó ṣe yẹ. Òjò ńlá àti afẹ́fẹ́ tó ń yí padà lójijì wà níbẹ̀, iná pápákọ̀ náà kò sì tàn. Kì í ṣe Nàìjíríà nìkan ni irú ìpinnu bẹ́ẹ̀ ti ń pẹ́ o. Àjọ Flight Safety Foundation ṣèwádìí ọ̀rọ̀ yìí káàkiri ayé, wọ́n rí i pé nínú 100 ìgbà tí bàálù ń bọ̀ tí kò sì dúró déédéé tó láti balẹ̀, bíi mẹ́ta péré ni awakọ̀ máa ń gbéra padà. Mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún yòókù ń balẹ̀ ṣá. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ ń já sí ire, ohun tó sì ń jẹ́ kí ó di àṣà nìyẹn.

Nítorí náà, nígbà tí màmá gbọ́ tí ẹ́ńjìnnì bú, awakọ̀ tó mọṣẹ́ ni wọ́n gbọ́.

Ní tiwa níhìn-ín, mi ò ní bo àléébù mọ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni rọ́nwè kejì ní Èkó, ti àwọn bàálù abẹ́lé, fi wà láìní iná, tí gbogbo bàálù alẹ́ sì ń rọ́ lọ sórí ọ̀kan ṣoṣo tó kù. Ọdún 2022 ni wọ́n tó tì í láti fi iná sí i. Bí rọ́nwè kan bá ń gba iṣẹ́ méjì, àyè tó wà láàárín bàálù á fún, gbígbéra padà á sì pọ̀ sí i. Ní Àkúrẹ́, ní oṣù kejì 2018, màlúù ló gba rọ́nwè, bàálù kan ń yí lókè títí wọ́n fi lé wọn kúrò. Ní Port Harcourt, ní oṣù keje 2005, bàálù Air France kan ti kọlu agbo màlúù nígbà tó ń balẹ̀. Adarí tó lajú kò lè rọ́pò ọgbà tó ya tàbí iná tó kú. Tí ẹ bá fẹ́ bínú, ẹ bínú sí ìyẹn, kí ẹ sì béèrè nípa rẹ̀ lọ́wọ́ ìjọba.

Fún ìgbà mìíràn, torí mo gbà pé màmá ṣì máa wọ bàálù: kí wọ́n fún bẹ́líìtì mọ́ra títí bàálù fi máa dúró pátápátá, kí ẹnikẹ́ni má sì dìde mú ẹrù lókè nígbà tó bá tún gbéra. Yíyí ká kí wọ́n tó tún balẹ̀ máa ń gba bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Kí wọ́n ka ìlà ìjókòó tó wà láàárín tiwọn àti ilẹ̀kùn tó súnmọ́ wọn jù kí bàálù tó gbéra ní London, kí wọ́n sì mọ̀ pé bí wọ́n bá ní kí wọ́n jáde, báàgì ò bá wọn lọ, ì báà jẹ́ èyí tí owó àti oògùn wà nínú rẹ̀. Oògùn tí wọn ò lè ṣe láìlò, kí wọ́n fi sápò aṣọ.

Tí ọkàn yín ò bá tíì balẹ̀, ẹ kọ̀wé sí NCAA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ bàálù ní Nàìjíríà, ẹ fi ọjọ́, aago àti nọ́ńbà bàálù náà sí i. Ohùn inú rédíò táwà wà ní àkójọ, àwọn tó ń ṣèwádìí lábẹ́ òfin sì lè gbọ́ ohun tí adarí àti awakọ̀ bá ara wọn sọ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ tètè kọ ọ́, torí wọn kì í tọ́jú rẹ̀ títí lọ.